Bí A Ṣe Ń Ra Idẹ Àlòkù ní Ìkòròdú, Tí A Ń Ṣà Á, Tí A Sì Ń Fọ̀ Ọ́ Kí Ó Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tí Yóò Yọ́ Ọ

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó idẹ àlòkù jọ ní Ìkòròdú. Wọn á gbé àpò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra idẹ, onítọ̀hún á da àpò náà sílẹ̀, á fi òòfà kàn án kiri, á fi fáìlì ha mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀, á wá sọ pé àdàlù ni, owó àdàlù náà ni yóò sì san. Ẹni tó kó ọjà wá á rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà òótọ́ ni olùrà náà sọ, nítorí pé irin wà nínú táàpù, síǹkì wà lábẹ́ kúróòmù, omi àti ẹrẹ̀ sì wà nínú fáàfù tí a kò tú.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ kí idẹ òun dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò yọ́ ọ ní mímọ́ àti ní gbígbẹ, láìsí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ṣíṣà ló ń mú owó wá nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe dídán. Idẹ dúdú tí a ṣà dáadáa sàn ju idẹ tó ń dán gbinrin tí síǹkì farapamọ́ sáàrin rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fọ̀ kí ó tó ṣà, ohun tí kò ní rí tà ló ń fi ọṣẹ fọ̀.

## Ohun tí ẹ nílò

- Òòfà tó lágbára. Èyí tí a tú kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́ ti tó.
- Fáìlì irin kan, òòlù, ẹ̀mú, sípánà àti súkùdíráfà. Bí ẹ bá ní fáìsì tí a dè mọ́ tábìlì, iṣẹ́ títú yóò yá púpọ̀.
- Ìwọ̀n méjì: èyí tí a ń gbé kọ́, tó lè wọn odindi àpò, àti èyí kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan.
- Báágẹ́ẹ̀tì ike mẹ́rin, ajọ̀ tàbí agbọ̀n ike oníhò kan, àti búrọ́ọ̀ṣì líle.
- Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí citric acid, àti ìyẹ̀fun sódà tí a fi ń ṣe bisikíìtì àti kéèkì.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún fífọ̀, ìbọ̀wọ́ awọ fún títú, awò tí ń dáàbò bo ojú, ìbòmú, àti aṣọ iṣẹ́ tí ẹ kì í wọ̀ wọ yàrá.
- Ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò.

Ẹ kò nílò iná, ẹ kò sì nílò omi bátìrì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ jó idẹ kí rọ́bà ara rẹ̀ lè bọ́, tàbí kí ẹ rì í sínú ásíìdì inú bátìrì mọ́tò kí ó lè tètè mọ́, ẹ má gbà. Èéfín ike àti rọ́bà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, omi bátìrì àlòkù sì ní òjé nínú. Ara gbogbo wa tí a ń gbé nítòsí Ògìjo, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, ló mọ̀ pé òjé kì í ṣe ohun eré.

## Ìpele kìíní: Ibi tí ẹ ti máa rí i

Orísun tó dára jù ni àwọn pọ́lọ́ḿbà. Láti Agric dé Ìgbógbó, láti Sábó lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀, àwọn ilé àtijọ́ ń bẹ tí àwọn onílé ń tún ṣe, pọ́lọ́ḿbà tó bá sì paárọ̀ táàpù àti fáàfù ilé bẹ́ẹ̀ kì í mọ ohun tí yóò fi èyí tó yọ ṣe. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà da gbogbo rẹ̀ sínú bọ́lá. Táàpù àtijọ́ tó wúwo lọ́wọ́ dára ju tuntun lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú nísinsìnyí kì í ṣe idẹ rárá.

Lẹ́yìn pọ́lọ́ḿbà ni àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ní àgádágodo tó ti bàjẹ́ àti èérún idẹ lábẹ́ ẹ̀rọ wọn. Àwọn tó ń tún sítóòfù onígáàsì ṣe, tí orí iná rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ idẹ. Àti àwọn tó ń tún rédíétọ̀ ṣe. Rédíétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní idẹ lókè àti nísàlẹ̀ àti bàbà láàrin, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ìsinsìnyí jẹ́ àlúmíníọ̀mù àti ike. Ẹ lè rà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọmọlanke kó kóńdẹ́mù kiri àdúgbò, tàbí kí ẹ lọ sí Ọwọ́dé Onírin tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ní Ọwọ́dé ẹ̀ ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ iye rẹ̀ ni, èrè ibẹ̀ kò sì pọ̀.

Ìkìlọ̀. Ohun mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọdọ̀ rà bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Èkíní ni ọta ìbọn àti èèpo ọta tí wọ́n ti yìn. Idẹ gidi ni, bàbà tó tó ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àti síǹkì ìdá ọgbọ̀n ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kó o pọ̀ mọ́ kóńdẹ́mù. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa kò gba ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ láyè láti ní ọta lọ́wọ́, ọlọ́pàá tó bá sì bá ọta nínú ẹrù yín kò ní dúró gbọ́ pé ẹ kàn fẹ́ yọ́ ọ ni. Ju ti òfin lọ, nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣófo, ẹyọ kan lè wà tí kò tíì yìn, ẹyọ kan náà sì tó láti fọ́ ojú ẹni tó ń yọ́ idẹ. Ohun ìjà ńlá tún burú ju èyí lọ. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà àwọn ológun ní Ìkẹjà bú gbàmù, mọ̀ pé irin tó fò jáde láti ibẹ̀ balẹ̀ sí ibi tó jìnnà. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ ọta tàbí bọ́m̀bù nínú ẹrù kóńdẹ́mù, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá.

Èkejì ni ẹrù tí ẹni tó gbé e wá kò lè ṣàlàyé: mítà omi, ẹ̀yà ara wáyà iná mànàmáná, agogo ilé ìjọsìn, àkọlé orí ibojì. Lójú òfin, ọ̀daràn ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹrù olè.

Ẹ̀kẹta ni idẹ àwọn àgbà. Edan Òṣùgbó, ide ọwọ́ Ọ̀ṣun, ṣaworo àti agogo ìdílé kì í ṣe kóńdẹ́mù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilé ló gbé e jáde. Ó dùn mí pé irú nǹkan báyìí ń wọ inú iná nítorí kílò kan tàbí méjì. Òfin dáàbò bo àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n kódà bí òfin kò bá sí, ẹ dá a padà fún olórí ẹbí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí tọ́: fún ẹrù kọ̀ọ̀kan tó wọlé, ẹ lè sọ orúkọ ẹni tó tà á, ibi tó ti yọ ọ́, àti ọjọ́ tí ẹ rà á.

## Ìpele kejì: Rírà

Ẹ fi ìwọ̀n tiyín wọn ọjà. Ẹ kọ́kọ́ gbé ohun tí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ kọ́ ọ, bíi àpò ìrẹsì tí a kò tíì já, kí ẹni tó ń tà náà rí i pé ìwọ̀n yín kò yẹ̀.

Kí ẹ tó sọ iye tí ẹ máa san, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ tú ẹyọ kan. Táàpù tí ẹ fọwọ́ gbé lè ní ọ̀pá irin, ọwọ́ ike, rọ́bà àti òkúta omi nínú, gbogbo èyí ni ẹ ó sì san owó rẹ̀ bí idẹ. Ẹ tú u, ẹ wọn ohun tó jẹ́ idẹ nìkan, kí ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò iye tí kílò kan àpò náà tó lóòótọ́. Ẹni tó kọ̀ kí a tú ẹyọ kan wò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀. Ẹ má ra orí sìlíńdà gáàsì tó ṣì wà lára sìlíńdà, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni tú u. Iṣẹ́ ẹni tó mọ gáàsì ni.

Ẹ kọ ìwé fún gbogbo ọjà, kí ẹni tó tà á sì fọwọ́ sí i. Ìwé yìí ni yóò gbà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá wá sọ pé fáàfù òun ló wà lọ́dọ̀ yín.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí tọ́: iye tí ẹ san, tí ẹ bá fi kílò idẹ nìkan pín in, kò kọjá iye tí olùrà yín yóò san fún kílò kan.

## Ìpele kẹta: Dídá idẹ mọ̀

Ibí yìí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ìdánwò mẹ́rin ló wà, ẹ tẹ̀ lé wọn bí mo ṣe tò wọ́n, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ohun tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò lè mú.

Òòfà ló ṣáájú. Òòfà kì í fa idẹ, kì í fa bàbà, kì í sì í fa síǹkì tàbí àlúmíníọ̀mù. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ òòfà pinpin, irin ni, tàbí kí irin wà nínú rẹ̀. Bí ó bá kàn fà díẹ̀ níbi kan ṣoṣo, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún títú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìdè irin tàbí sípíríìnì ló wà nínú idẹ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé bí òòfà kò bá ti fà á, àwọn ènìyàn á gbà pé idẹ ni. Gbogbo ohun tí òòfà sọ fún yín ni pé kì í ṣe irin.

Fáìlì ló kàn. Ẹ yan ibi tí kò hàn, kí ẹ ha á títí tí ẹ ó fi kọjá kúróòmù tàbí ọ̀dà. Idẹ yóò jáde ní àwọ̀ ìyeyè, bàbà yóò pọ́n, síǹkì àti àlúmíníọ̀mù yóò funfun bí eérú. Kúróòmù ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nítorí pé táàpù idẹ àti táàpù síǹkì tí a fi kúróòmù bò kò yàtọ̀ sí ara wọn lójú. Ẹ ha á jinlẹ̀, nítorí pé lábẹ́ kúróòmù, àwọn kan tún ní ìpele bàbà tín-ín-rín tí wọ́n fi tẹ́ síǹkì. Ẹni tó bá dúró síbi tó ti rí pupa á rò pé bàbà ni òun rà.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀ ibi tí a ha. Idẹ tó ní síǹkì púpọ̀ á máa pọ́n rúsúrúsú bí èso ìyeyè, èyí tí bàbà inú rẹ̀ pọ̀ á máa lọ sí pupa díẹ̀. Bí olùrà yín bá ń san owó ọ̀tọ̀ fún méjèèjì, ẹ pín wọn. Ẹ sì ṣọ́ àmì pupa tó rí bí àpá lára táàpù àtijọ́: omi ti jẹ síǹkì kúrò níbẹ̀, bàbà tó kù sì ti di oníhò, kò lágbára mọ́. Irú èyí lè wọ iná, ṣùgbọ́n ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni láti lò padà.

Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n inú omi, tí mo rí i pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í lò tó, bẹ́ẹ̀ òun ló ń parí àríyànjiyàn. Ẹ kọ́kọ́ wọn ohun náà ní gbígbẹ lórí ìwọ̀n kékeré, kí ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé abọ́ omi sórí ìwọ̀n kan náà, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so ohun náà, ẹ di òwú mú lọ́wọ́, kí ẹ sì rì í títí omi fi bò ó, láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ẹ wo iye tí ìwọ̀n kà, kí ẹ fi iye yìí pín ti àkọ́kọ́. Bí fáàfù kan bá jẹ́ gíráàmù 425 ní gbígbẹ, tí ìwọ̀n sì ka 50 nínú omi, 8.5 ni yóò jáde, idẹ sì ni. Bí òmíràn bá jẹ́ 330 ní gbígbẹ tó sì ka 50 nínú omi, 6.6 ni, àdàpọ̀ síǹkì nìyẹn.

Àwọn iye tí ẹ ó máa rí nìwọ̀nyí: idẹ wà láàrin 8.4 sí 8.7, bàbà tó 8.9, irin tó 7.8, àdàpọ̀ síǹkì tí wọ́n fi ń ṣe táàpù pọ́ọ́kú wà nítòsí 6.6 sí 6.7, àlúmíníọ̀mù jẹ́ 2.7, òjé sì jẹ́ 11.3.

Ìkìlọ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ihò fáàfù yóò mú kí iye náà kéré, ẹ ó sì pe idẹ gidi ní síǹkì. Ẹ gbọ̀n ohun náà nínú omi títí ìhó kò fi ní jáde mọ́, tàbí kí ẹ tú u kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí tọ́: ẹ mú ẹyọ márùn-ún láìwo ojú láti inú òkìtì tí ẹ pè ní idẹ, kí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú omi. Bí ẹyọ kan bá yà kúrò láàrin 8.4 sí 8.7, ẹ padà tún gbogbo òkìtì náà ṣà.

## Ìpele kẹrin: Títú

Ẹ fi sípánà tú orí táàpù, kí ẹ yọ ọ̀pá, rọ́bà àti téèpù funfun tí pọ́lọ́ḿbà wé sí i. Ìdè tó bá ti dípẹtà, ẹ ta epo díẹ̀ sí i kí ó sùn mọ́jú. Bí kò bá tún gbà, ẹ fi fáìsì dì í mú, kí ẹ fi òòlù fọ́ ara rẹ̀. Idẹ tó ń lọ sínú iná kò nílò kí ó wà lódindi. Ẹ má gbàgbé awò ojú nígbà tí ẹ bá ń fọ́ ọ. Àgádágodo ní sípíríìnì irin àti píìnì kéékèèké, ẹ gún un jáde.

Rédíétọ̀ yàtọ̀. Òjé ni wọ́n fi jó idẹ rẹ̀ pọ̀ mọ́ bàbà. Ẹ má fi iná yọ òjé náà, ẹ gé idẹ kúrò lára bàbà, kí ẹ sì kó ibi tí òjé wà sí àpò ọ̀tọ̀, kí olùrà mọ ohun tó ń rà.

Ìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ idẹ tí wọ́n fi ṣe táàpù àti kọ́kọ́rọ́ ní òjé díẹ̀ nínú, tó lè tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó lè rọrùn láti gé. Nítorí náà, èérún fáìlì kì í ṣe ohun tí a ń fẹ́ nù pẹ̀lú ẹnu. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má jẹun níbi iṣẹ́, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé máa ṣeré nínú òkìtì idẹ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí tọ́: ẹ fi òòfà la gbogbo òkìtì náà kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì gbọdọ̀ mú ohunkóhun.

## Ìpele karùn-ún: Fífọ̀

Ẹ pín idẹ yín sí ọ̀nà méjì kí omi tó kàn án. Èyí tó ń lọ sínú iná kò nílò ju ọṣẹ lọ. Èyí tí ẹnìkan fẹ́ lò padà, bíi ọwọ́ ilẹ̀kùn àtijọ́, fáàfù tó ṣì dára, tàbí agogo ilé ìwé, òun nìkan ni ẹ ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Ẹni tó bá ń fi ásíìdì dán kóńdẹ́mù tó ń lọ yọ́ ń fi owó ṣòfò, ó sì ń sọ omi àgbàlá rẹ̀ di májèlé.

Fún ọṣẹ: ẹ da omi gbígbóná tó tó lítà mẹ́wàá sínú báágẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọṣẹ ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, kí ẹ kó idẹ tó tó kílò márùn-ún sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa fi igi rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi tí ọ̀rá wà. Ẹ kó o sínú ajọ̀, kí ẹ ṣàn án nínú báágẹ́ẹ̀tì omi méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Fún ọsàn: ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni àwọn olórìṣà Ọ̀ṣun ti fi ń fọ idẹ kí oyìnbó tó kó ásíìdì dé, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fún omi ọsàn, ẹ da omi lásán tó bá a dọ́gba sí i, pẹ̀lú ṣíbí iyọ̀ kan. Bí idẹ bá pọ̀, citric acid tí wọ́n ń tà níbi èròjà kéèkì kò wọ́n tó ọsàn: ṣíbí ìjẹun kan sí lítà omi gbígbóná kan ti tó. Ẹ ti fi ọṣẹ fọ idẹ náà kí ó tó wọ ibẹ̀, nítorí pé ásíìdì kì í ràn níbi tí ọ̀rá bá wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ wò ó. Bí dúdú àti àwọ̀ ewé bá ti lọ, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú omi tí ẹ po ìyẹ̀fun sódà ṣíbí kan sí lítà kọ̀ọ̀kan, kí ásíìdì tó kù lára rẹ̀ lè kú, kí ẹ wá fi omi mímọ́ ṣàn án.

Àwọn ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí:

Wọ́n ń fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ásíìdì tó pẹ́ ń jẹ síǹkì kúrò lára idẹ, idẹ á wá pọ́n. Pupa yẹn kì í ṣe mímọ́, ìbàjẹ́ ni.

Wọ́n ń lo abọ́ irin, tàbí kí irin kékeré wà láàrin idẹ. Bàbà tó ti wà nínú omi ásíìdì àlòkù yóò lẹ̀ mọ́ irin náà, á sì pọ́n bíi bàbà gidi. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí òòfà ṣáájú omi.

Wọ́n ń da bílíìṣì sínú ọsàn tàbí citric acid kí ó lè yá. Ẹ má ṣe é láé. Gáàsì tó ń jáde nínú rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Wọ́n ń lo ohun ìfọlé tó ní amóníà. Amóníà ń mú kí idẹ tó ní ìfúnpá nínú rẹ̀ la, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ẹni tó rà á ti dè é mọ́ ògiri. Fún ìdí kan náà, ẹ má kó idẹ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n lò padà sí ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Amóníà ló ń rùn nínú ìtọ̀ wọn.

Àwọn kan ń yí idẹ pọ̀ mọ́ ṣùkù àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n gún wẹ́wẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù kí ó lè dán. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì dára fún ohun kéékèèké tó ní kọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń gbé òjé, nítorí náà kí ẹ ti fi ọṣẹ fọ idẹ náà ṣáájú, kí ó ti gbẹ, kí dúrọ́ọ̀mù ní ìdérí, kí ẹ sì ṣí i níta pẹ̀lú ìbòmú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí tọ́: omi tó ń kán láti ara idẹ mọ́, kò yọ ìhó, aṣọ funfun tí ẹ fi nù ún kò gbé ọ̀rá, àwọ̀ idẹ náà sì jẹ́ ìyeyè, kì í ṣe pupa.

## Ìpele kẹfà: Gbígbẹ

Ẹ má fojú kéré ìpele yìí. Omi tó kù sínú ihò fáàfù, bó bá bá idẹ yíyọ́ pàdé, yóò di ooru lójijì, yóò sì fọ́n idẹ gbígbóná sí gbogbo ẹni tó dúró yí iná náà ká. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń yọ́ idẹ fi máa ń kọ ọjà tútù, wọ́n sì jàre.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù nínú oòrùn, kí ojú ihò rẹ̀ dojú kọlẹ̀, kí ẹ máa yí i. Ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ọjọ́ kan tó. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, nígbà tí òjò kì í fẹ́ dá, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ gé ohun tó bá ní ikùn tí omi lè há sí sí méjì.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí tọ́: ẹ wọn àwo idẹ kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ìwúwo rẹ̀ bá dín, ó ṣì ń gbẹ lọ́wọ́.

## Ìpele keje: Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́

Kànga àti borehole ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń mu ní Ìkòròdú, ohun tí ẹ bá sì dà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé ń wá ọ̀nà padà sínú ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò. Omi ọsàn tí a fi fọ idẹ ní bàbà, síǹkì àti òjé nínú. Ẹ po ìyẹ̀fun sódà mọ́ ọn títí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ dé e sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹrẹ̀ rẹ̀ lè silẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn fa omi náà gbẹ nínú abọ́ fífẹ̀ tí òjò kò lè dé, kí ẹ sì ha ẹrẹ̀ tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì náà pamọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o, kí ẹ má dà á sínú gọ́tà tàbí sórí oko ẹ̀fọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí tọ́: ilẹ̀ ibi tí ẹ ti ń fọ̀ kò ní àpá àwọ̀ ewé tàbí àpá dúdú.

## Ìpele kẹjọ: Gbígbé e lọ

Ẹ kó idẹ sínú àpò ìrẹsì ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ti ìyeyè, ti pupa, ti rédíétọ̀, èérún kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ ìwúwo sára àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwúwo tí ẹ rà. Ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì ni ìdọ̀tí, irin àti omi tí ẹ ti yọ; lẹ́yìn ẹrù bíi mélòó kan, ẹ ó ti mọ iye tí ẹ lè san fún táàpù ọ̀dọ̀ pọ́lọ́ḿbà kan láìtú u.

Ìkìlọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti yọ́ ọ fúnra yín lẹ́yìnkùlé nítorí pé owó idẹ tí a ti yọ́ pọ̀ jù. Nítòsí digrí 900 sí 940 Celsius ni idẹ ń yọ́, síǹkì inú rẹ̀ sì ń hó di èéfín ní 907. Èéfín funfun yẹn ni ẹni tó bá fà á símú yóò fi gbọ̀n lóru, tí ara rẹ̀ yóò gbóná, tí orí yóò máa fọ́ ọ, tí yóò sì rò pé ibà ló dé, tí yóò lọ ra oògùn ibà. Ẹni tó ní ìléru gidi, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá dáadáa àti ohun èlò tó yẹ ni kí ẹ fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ní ọ̀dọ̀ olùrà, ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń da àpò sílẹ̀. Ẹ gbé òòfà àti ìwọ̀n kékeré yín dání, kí ẹ sọ fún un kí ó mú ẹyọ èyíkéyìí tó bá wù ú. Bí ó bá pe nǹkan kan ní síǹkì, ẹ bu omi sínú abọ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n níwájú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ka iye tó jáde, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.